Kí ọmọ Èkìtì náà fi etí ara rẹ̀ gbọ́ sátẹ́láìtì

Kí ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkìtì tó tún ra kọ̀ǹpútà kún kọ̀ǹpútà fún àwọn ilé ẹ̀kọ́ girama wa, ohun kan wà tí a fẹ́ kí ó kọ́kọ́ rà: rédíò. Kì í ṣe èyí tí à ń fi gbọ́ ìròyìn o. Èyí tí à ń wí kò ju àtàǹpàkò lọ, ojú ihò tí à ń ki fúláàṣì bọ̀ lára kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń kì í bọ̀, owó rẹ̀ ò sì ju nǹkan bíi dọ́là 40. Kọ̀ǹpútà tí a ti ń rà tẹ́lẹ̀ ni yóò bá a ṣiṣẹ́. Òun ni àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ nílẹ̀ òkèèrè fi ń gbọ́ sátẹ́láìtì tó bá ń kọjá lókè ilé wọn. Àwọn sátẹ́láìtì kan náà ń kọjá lókè Adó, lókè Ìkọ̀lé, lókè Ẹ̀fọ̀n. A kàn ò tẹ́tí sí wọn ni.

Ẹ wo ISS, ilé ńlá tí àwọn arìnrìn-àjò òfuurufú ń gbé. Nǹkan bíi kìlómítà 400 péré ló fi ga sókè. Láti Adó-Èkìtì dé Kánò jìnnà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ń sáré tó nǹkan bíi kìlómítà 28,000 ní wákàtí kan, nítorí náà láàárín wákàtí kan àbọ̀ ó ti yí ayé po. Bí ó bá yọ sí wa, bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló pọ̀ jù tí yóò lò kó tó wọ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ tí ojú ọ̀run bá mọ́, tí oòrùn ti wọ̀ níbí ṣùgbọ́n tó ṣì ń tàn sí i lókè lọ́hùn-ún, ojú lásán máa ń rí i: iná kan tí kì í ṣẹ́jú, tí kì í pariwo. Orí ìkànnì rédíò 145.800 MHz ni àwọn tó wà nínú rẹ̀ ti máa ń bá àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ sọ̀rọ̀.

Mímọ ìgbà tí yóò kọjá kì í ṣe awo. Àwọn ológun Amẹ́ríkà tó ń ṣọ́ ohun tó wà lójú òfuurufú máa ń kọ nọ́ḿbà ìrìn sátẹ́láìtì kọ̀ọ̀kan sí ìlà méjì, ọ̀fẹ́ sì ni lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó bá fi í sínú fóònù, tó sọ fún un pé Adó ni òun wà, yóò rí ìṣẹ́jú tí sátẹ́láìtì náà máa yọ, ìhà tí yóò gbà yọ àti bí yóò ṣe ga tó. Ṣùgbọ́n nọ́ḿbà náà máa ń gbó o. Afẹ́fẹ́ díẹ̀ tó kù lókè yẹn ń yí ìrìn sátẹ́láìtì padà díẹ̀díẹ̀, nítorí náà ẹni tó bá lo ti oṣù tó kọjá lè dúró lásán ní pápá.

Iṣẹ́ wá kù sọ́wọ́ ọmọ. Páìpù omi oníke ni áńténà rẹ̀, pẹ̀lú téèpù irin tí káfíńtà fi ń wọn pákó, tí wọ́n gé tí wọ́n sì so mọ́ ọn ní ìbú. Ọmọ SS2 kan yóò kọjú rẹ̀ sí ibi tí sátẹ́láìtì ń gbà bọ̀, ẹnìkejì yóò jókòó ti kọ̀ǹpútà. Ariwo ṣàà ni wọn yóò kọ́kọ́ máa gbọ́. Lẹ́yìn náà ni ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan yóò yọ lójú kọ̀ǹpútà, tí yóò máa tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan: bí sátẹ́láìtì ṣe ń sún mọ́ wọn, ohùn rẹ̀ ga, bó ṣe ń lọ, ó rẹlẹ̀, bíi fèrè bọ́ọ̀sì tó ré wa kọjá lójú títì Ìkẹ́rẹ́. Bí ọwọ́ ẹni tó mú áńténà bá yẹ̀, ohùn á pòórá. Ohun tí olùkọ́ fíṣíìsì ti ń kọ sójú pátákó láti ọdúnmọ́dún, tí àwọn ọmọ ń há sórí nítorí WAEC, òun ló ń ṣẹlẹ̀ lójú wọn yẹn. Jiọ́gíráfì wà níbẹ̀, ìṣirò igun wà níbẹ̀.

A mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ: ebi ń pa ará ìlú, ẹ ń sọ ti sátẹ́láìtì. Ṣé àgbẹ̀ kì í wo ojú òjò ni? Àwọn sátẹ́láìtì Meteor ti Rọ́ṣíà ń fi àwòrán ìkuukùu ránṣẹ́ wálẹ̀ lórí 137 MHz, láìgba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. (Ti Amẹ́ríkà tó rọrùn jù láti gbà, ọdún 2025 ni wọ́n pa èyí tó kẹ́yìn nínú wọn; àwa tí a kò tètè bẹ̀rẹ̀ ti pàdánù ìyẹn.) Ìjì tó ń ṣí òrùlé wa ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò, láti ìlà-oòrùn ló sábà máa ń wá, ọmọ tó bá gba àwòrán náà sì lè rí ìkuukùu rẹ̀ lọ́nà. A ò sọ pé kí ó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ NiMet, àjọ tó ń sọ bí ojú ọjọ́ yóò ṣe rí, o.

Orílẹ̀-èdè yìí kì í ṣe àlejò nínú ọ̀rọ̀ yìí. Nígbà tí John Glenn, arìnrìn-àjò òfuurufú ará Amẹ́ríkà, yí ayé po ní oṣù Kejì ọdún 1962, Kánò wà lára àwọn ibùdó tó bá a sọ̀rọ̀. NigeriaSat-1 gòkè ní oṣù Kẹsàn-án 2003. Ní 2017 ni ti FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Àkúrẹ́, ìtòsí wa níbí, tí wọ́n bá àwọn ará Kyushu ní Japan ṣe NigeriaEduSat-1, àpótí kékeré tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 10. Ghana náà ní tirẹ̀ nínú ètò kan náà. Ní 2019, àpótí yẹn já wọ inú afẹ́fẹ́, ó jóná. Ìmọ̀ àwọn tó ṣe é kò bá a jóná. Èkìtì tí í fi ọ̀jọ̀gbọ́n yangàn, kí ni à ń dúró dè? Yunifásítì EKSU wà ní Adó, yunifásítì FUOYE wà ní Ọ̀yẹ́, òkè tí a lè gbé áńténà lé kò sì wọ́n wa.

Ohun tí à ń béèrè kò pọ̀. Kí iléeṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ilé ẹ̀kọ́ mẹ́ta: ọ̀kan ní Àríwá Èkìtì, ọ̀kan ní Àárín Gbùngbùn, ọ̀kan ní Gúúsù. Kí àwọn yunifásítì wa kọ́ àwọn olùkọ́ fíṣíìsì nígbà ọlidé gígùn. Kí ẹnikẹ́ni má fi iná kẹ́wọ́: bátìrì kọ̀ǹpútà alágbèéká tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó tún ṣẹ́kù. Ohun tó ń bà wá lẹ́rù jù ni kọ́kọ́rọ́. Gbogbo wa la mọ láàbù tí ohun èlò rẹ̀ wà nínú páálí láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e dé, torí ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ń sá fún kí àwọn ọmọ má bà á jẹ́. Bí ẹ̀rọ dọ́là 40 bá bàjẹ́ lọ́wọ́ ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́, kí wọ́n ra òmíràn. Gbígbọ́ la ní kí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ tó bá fẹ́ máa fèsì sókè yóò gba ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ NCC, àjọ tó ń mójú tó ètò ìbánisọ̀rọ̀, kí iléeṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ bá wọn san owó rẹ̀.