Inú òkun ni orúkọ Benin ti wá, kì í ṣe ààfin Ọba Ìbìní

Ọjọ́ Àìkú ni, ọjọ́ 7 oṣù Kejìlá 2025. Ìyá mi kékeré pe ọmọ rẹ̀ tó ń kàwé ní Ugbowo lẹ́ẹ̀mẹrin kó tó gbé fóònù. "Àṣàkẹ́, má jáde o! Wọ́n ní àwọn ṣọ́jà ti gbàjọba ní Benin!" Inú ṣọ́ọ̀ṣì lọmọ wà, kò mọ ohun tí ìyá rẹ̀ ń sọ. Kútọnu, ní orílẹ̀-èdè Benin tó bá Nàìjíríà pààlà, ni ọ̀gá ṣọ́jà kan tó ń jẹ́ Pascal Tigri àtàwọn èèyàn rẹ̀ ti lọ sórí tẹlifíṣọ̀n láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Ìjọba Ààrẹ Patrice Talon ké sí Nàìjíríà, ọkọ̀ òfuurufú ológun wa gbéra, ECOWAS, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, náà ní òun ń kó ṣọ́jà bọ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ọ̀tẹ̀ náà ti fọ́. Ugbowo tí Àṣàkẹ́ wà ńkọ́? Ìbìní City ni, ó sì ju 350 kìlómítà lọ sí Kútọnu.

Àṣìṣe ìyá mi kékeré kò dùn mí. Èyí tó dùn mí ni ohun tí àwọn tó kàwé wí nígbà tí mo ròyìn rẹ̀ fún wọn: "Ṣebí ọ̀kan náà ni wọ́n tẹ́lẹ̀! Abẹ́ Ọba Ìbìní ni Kútọnu wà kí òyìnbó tó fi bọ́dà là wọ́n. Ìdí tí wọ́n fi ń jẹ́ Benin nìyẹn." Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu tíṣà, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu lọ́yà. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Dàhòmì ni orílẹ̀-èdè náà ń jẹ́ nígbà tó gbòmìnira lọ́wọ́ Faransé ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹjọ 1960. Orúkọ yẹn náà ló fi fọwọ́ síwèé àdéhùn tó dá ECOWAS sílẹ̀ l'Ékòó, ní oṣù Karùn-ún 1975. Oṣù mẹ́fà péré lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 30 oṣù Kọkànlá, Mathieu Kérékou, ológun tó ti gbàjọba ní 1972, kéde pé Dàhòmì ti parí, Bénin ló kù. Mo ti rí sítáǹpù ilẹ̀ náà kan tó jẹ́ ti àtijọ́: ìlà dúdú ni wọ́n fà gba orí Dahomey kọjá, wọ́n wá tẹ Bénin sí i, bí ẹni tó ń tún orúkọ kọ sára àpótí ìjókòó ṣọ́ọ̀ṣì.

Kí ló burú nínú Dàhòmì? Orúkọ ìjọba àwọn Fọ̀n ní Àgbómẹ̀ ni. Ìjọba náà lágbára, ṣùgbọ́n àwọn ará ìtòsí rẹ̀ ló ń kó lẹ́rú. Àwa Yorùbá mọ̀ ọ́n dáadáa: Ẹ̀gbá lé ogun rẹ̀ padà l'Abẹ́òkúta ní 1851 àti 1864, ṣùgbọ́n Kétu kò ríbi sá, wọ́n fọ́ ọ ní 1886. Inú Benin òde òní ni Kétu wà, òun àti Sábẹ̀ẹ́. Àwọn Barìbá wà lókè lọ́hùn-ún ní Nikki, àwọn tí Àgbómẹ̀ kò jọba lé lórí rí. Ẹ wá wò ó: ọmọ Kétu tí ìyá ìyá rẹ̀ sá wọgbó nítorí ogun Dàhòmì, kí wọ́n wá kọ ọ́ sínú páásípọ́ọ̀tù rẹ̀ pé ọmọ Dàhòmì ni! Ìjà àwọn ará òkè (àríwá) àti ìsàlẹ̀ (gúúsù) sì ti le débi pé ní 1970, ńṣe ni àwọn olóṣèlú mẹ́ta, Maga, Ahomadégbé àti Apithy, gbà láti máa jẹ Ààrẹ ní tẹ̀léńtẹ̀lé, ọdún méjì-méjì. Orúkọ tí kò jẹ́ ti ìran kankan ni wọ́n ń wá. Wọ́n wo iwájú ilé, wọ́n rí òkun.

Láti ìlà-oòrùn Ghana ni etí òkun wa ti tẹ̀ wọnú, ó gba Togo, ó gba Kútọnu, ó gba Àgbádárìgì àti Èkó títí dé ẹnu Odò Ọya. Gbogbo omi yẹn ni Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní Bight of Benin, tí Faransé ń pè ní Golfe du Bénin. Àwọn Potogí tó dé Ìbìní ní nǹkan bí 1485 ló sọ òkun lórúkọ ìlú tí òkìkí rẹ̀ kàn jù. (Àwọn onílé gan-an, Ẹ̀dó ni wọ́n ń pe ara wọn.) Torí náà, òótọ́ ni pé orúkọ náà gba Ìbìní kọjá. Ṣùgbọ́n òkun Íńdíà ló ń fọ ẹsẹ̀ Kenya, mi ò sì tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé abẹ́ ọba Íńdíà ni Kenya wà rí.

Ẹ̀rí tí mo fẹ́ràn jù wà ní Lomé. Yunifásítì ńlá tí Togo dá sílẹ̀ ní 1970, Université du Bénin ló ń jẹ́, títí di 2001 tí wọ́n sọ ọ́ di Université de Lomé. Ọdún márùn-ún kí Kérékou tó ronú kàn án ni Togo ti ń lo orúkọ náà. Ṣé abẹ́ Ọba Ìbìní ni Lomé náà wà?

Ọwọ́ Ọba Ìbìní dé Èkó, kò sẹ́ni tó lè jiyàn ìyẹn. Ṣùgbọ́n ta ló gba ìṣákọ́lẹ̀ lọ́wọ́ Dàhòmì? Aláàfin Ọ̀yọ́ ni. Láti nǹkan bí 1730 ni Àgbómẹ̀ ti ń san án, títí di àwọn ọdún 1820 tí Ọba Gezo ti Dàhòmì kọ̀. Tó bá jẹ́ ti ẹni tó jẹ gàba lé wọn lórí ni, Ọ̀yọ́ ni ì bá máa jẹ́ orúkọ wọn lónìí. Mi ò ní kí wọ́n yí i padà o.

Ohun kan tún wà tí àwọn tó ń pariwo pé Kútọnu jí orúkọ wa kì í rántí. Inú Ìbìní City gan-an ni wọ́n ti kọ́kọ́ kéde "Republic of Benin". Ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹsàn-án 1967, lásìkò ogun abẹ́lé, Albert Okonkwo tí Biafra fi ṣolórí Mid-West, agbègbè tí Ìbìní jẹ́ olú-ìlú rẹ̀, ló kéde rẹ̀. Ọjọ́ kejì ni ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ wọ ìlú, gbogbo rẹ̀ sì parí.

Ní 1990, lẹ́yìn àpérò ńlá tí gbogbo ìlú ṣe ní Kútọnu, wọ́n dá àsíá àtijọ́ padà, wọ́n sì yọ ọ̀rọ̀ "Populaire" (ti aráàlú) tí Kérékou fi há àárín orúkọ orílẹ̀-èdè náà kúrò. Bénin nìkan ni wọn ò fọwọ́ kàn.

Àdàpọ̀ yìí ń dé ìdí ẹrù wọn pàápàá. Nígbà tí Faransé dá ohun ọba 26 padà ní 2021, àwọn kan níbí ń bi mí bóyá wọ́n ti wà nílùú Ìbìní. Ti Àgbómẹ̀ ni wọ́n. Idẹ tí Gẹ̀ẹ́sì kó ní 1897 ni ti Ìbìní.

Mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún ìyá mi kékeré, látorí òkun dórí Aláàfin. Ó gbọ́ ọ dópin, ó ní: "Tó bá jẹ́ Kútọnu ni, kí ló dé tí oníròyìn ò sọ pé Kútọnu?"