Ẹ̀gbọ́n, ọmọdé ń rí àwọ̀

Ẹ̀gbọ́n, mo ka ohun tí ẹ kọ, pé ọmọdé kì í rí àwọ̀, pé kí dúdú àti funfun jọ wà nínú eré ọmọdé lórí tẹlifíṣọ̀n jẹ́ ọ̀rọ̀ tí àwọn òyìnbó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé dé. Ẹ dákun, kò rí bẹ́ẹ̀.

Ní àwọn ọdún 1940, tọkọtaya kan ní Amẹ́ríkà, Kenneth àti Mamie Clark, gbé ọmọláńgidi mẹ́rin síwájú àwọn ọmọ dúdú, láti ọmọ ọdún 3 sí 7. Àwọ̀ nìkan ni wọ́n fi yàtọ̀ síra. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ọmọ náà ní funfun ló dára. Ta ló kọ́ wọn?

Ọdún 1969 ni Sesame Street, eré ọmọdé kan lórí tẹlifíṣọ̀n ní Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀, tí dúdú àti funfun jọ ń ṣeré níbẹ̀. Ní 1970, ìgbìmọ̀ tẹlifíṣọ̀n ìpínlẹ̀ Mississippi kọ̀ láti gbé e jáde nítorí èyí gan-an, kí ariwo aráàlú tó mú wọn yí i padà. Bí kò bá já mọ́ nǹkan kan, kí ni wọ́n ń sá fún?

Nílé mi níbí ní Kétu, ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún márùn-ún, ya ara rẹ̀ sínú ìwé: irun pupa gígùn tó balẹ̀ dé ìdí. Mo ní, "Ṣùkú tí mo dì fún ọ ń kọ́?" Ó ní irun ọmọ ọba kì í rí bẹ́ẹ̀. Àyà mi já. Mo ti ń jókòó tì í wo eré rẹ̀ báyìí, mo ń wá èyí tí ọmọ tó di ṣùkú wà nínú rẹ̀. Kò pọ̀ rárá.