2919 Dali: ta ló sọ ọ́ lórúkọ, kí sì ni nọ́ńbà rẹ̀ ń sọ?

Ọmọ Ayàwòrán: Ásítẹ́rọ́ìdì kan, ìyẹn òkúta tó ń yí oòrùn po, wà láàárín Máàsì àti Júpítà tó ń jẹ́ 2919 Dali, orúkọ Salvador Dalí, ayàwòrán ilẹ̀ Sípéènì. Àwọn kan ní owó ni wọ́n fi ń ra irú orúkọ bẹ́ẹ̀. Èmi ò gbà. Nọ́ńbà yẹn ṣáà fi hàn pé òun ló wà ní ipò 2919 nínú èyí tí aráyé rí, bí ásítẹ́rọ́ìdì Leonardo ṣe jẹ́ 3000 tí Michelangelo sì jẹ́ 3001.

Àbẹ̀kẹ́ Oníràwọ̀: Òótọ́ lẹ sọ lórí owó, ṣùgbọ́n ẹ ṣì í lórí nọ́ńbà. Ẹgbẹ́ onímọ̀ ìràwọ̀ àgbáyé, IAU, kì í gba kọ́bọ̀ lórí orúkọ. Ẹni tó rí òkúta náà ló máa dábàá orúkọ, ó sì ní ọdún 10 láti ìgbà tí òkúta náà bá ti gba nọ́ńbà. Orúkọ ò gbọdọ̀ ju lẹ́tà 16 lọ, kò gbọdọ̀ fara jọ èyí tó ti wà nílẹ̀ jù, kò sì gbọdọ̀ jẹ́ ti ìpolówó ọjà. Ní ti nọ́ńbà, Schelte Bus ló rí Dali àti Leonardo ní Siding Spring, Ọsirélíà, ní March 1981. Edward Bowell ló rí Michelangelo ní Arizona ní January 1982. Oṣù mẹ́wàá ló wà láàárín 3000 àti 3001 yẹn o.

Kálámù: Orúkọ àkọ́kọ́ tí wọ́n fún un ló ń sọ bí wọ́n ṣe rí i tẹ̀ léra. 1981 EX18 ni Dali. E dúró fún ọjọ́ 1 sí 15 oṣù March. X ni lẹ́tà 24. 18 fi hàn pé lẹ́tà 25 tí wọ́n ń lò ti yípo nígbà 18: 18 lọ́nà 25 jẹ́ 450. Ó di ipò 474 láàárín ọjọ́ wọ̀nyẹn.

Àbẹ̀kẹ́ Oníràwọ̀: 473 ni, bọ̀dá mi. Wọn kì í lo lẹ́tà I, torí náà X di 23. Ibẹ̀ gan-an lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìṣe. Leonardo ni 1981 EG19: 19 lọ́nà 25 jẹ́ 475, G jẹ́ 7, ó di 482. Àlàfo 9 péré ló wà láàárín wọn níbẹ̀, àmọ́ nínú nọ́ńbà ó di 81.

Kálámù: Mo gbà, ẹ ṣeun. Kí ló wá fa 81 yẹn?

Ojú Ọ̀run: Ipa ọ̀nà rẹ̀ ni. Òkúta kì í gba nọ́ńbà àfi tí wọ́n bá mọ ipa ọ̀nà rẹ̀ dájú, ó sì sábà máa ń gba pé kí wọ́n rí i nígbà mẹ́rin tí ayé bá bọ́ sáàárín òun àti oòrùn. Èyí tí wọ́n bá bá lórí fọ́tò àtijọ́ máa ń yára ju ẹgbẹ́ ẹ̀ lọ.

Ẹni tó bá fẹ́ wọn ibi tí ọ̀kan wà lójú ọ̀run, kó ya fọ́tò mẹ́ta láàárín wákàtí kan, kó máa ṣí wọn léra wọn lórí kọ̀ǹpútà. Ìràwọ̀ á dúró, òkúta á rìn. Nígbà tí ayé bá wà láàárín òun àti oòrùn, ó ń rìn tó arcsecond 0.6 ní ìṣẹ́jú kan (arcsecond 3600 ló wà nínú dígírì kan), ìyẹn bí 36 ní wákàtí. Tí pixel kan, ìyẹn ẹ̀là kékeré kan nínú fọ́tò, bá gba arcsecond 2, má ṣe jẹ́ kí fọ́tò kan ju ìṣẹ́jú 3 lọ, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á fà bí ìlà. Fọ́tò méjì ò tó, torí àbàwọ́n kan lè tàn ẹ́ jẹ. Kí o sì tún aago kọ̀ǹpútà ṣe kó o tó bẹ̀rẹ̀: tó bá fi ìṣẹ́jú kan yẹ̀, arcsecond 0.6 ni ibi tó o kọ sílẹ̀ fi yẹ̀. Alẹ́ kan ò tó; padà lọ lálẹ́ mìíràn.

Ọmọ Ayàwòrán: Ó ti yé mi báyìí lórí nọ́ńbà. Ben Enwonwu, ayàwòrán Nàìjíríà tó ya àwòrán Tutu, ásítẹ́rọ́ìdì ló ń jẹ́ orúkọ tiẹ̀ náà?

Àbẹ̀kẹ́ Oníràwọ̀: Rárá, kòtò ńlá kan lórí Mẹ́kúrì ni. 2008 ni wọ́n fọwọ́ sí i. Òfin ti Mẹ́kúrì yàtọ̀: oníṣẹ́ ọnà tàbí ayàwòrán náà gbọ́dọ̀ ti lókìkí ju ọdún 50 lọ, kó sì ti kú ju ọdún 3 lọ.

Kálámù: Ti ásítẹ́rọ́ìdì ńkọ́? Ṣebí ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn ikú ni?

Ojú Ọ̀run: Olóṣèlú àti ológun nìyẹn wà fún. Ayàwòrán tó ṣì wà láàyè pàápàá lè gbà á. Aina Onabolu, ayàwòrán Nàìjíríà mìíràn, kú ní 1963, òfin ò dí i lọ́nà. Ainaonabolu, lẹ́tà 11 péré ni. Ohun tó kù ni ẹni tó rí òkúta kan, tó ti gba nọ́ńbà, tí kò tíì lórúkọ, tó sì gbà láti fi orúkọ náà sílẹ̀ pẹ̀lú àlàyé ṣókí lórí ẹni tí Onabolu jẹ́.