Ẹ Gbé Fíìmù Náà Dé Ọjà Ọba

Bí wọ́n bá fẹ́ ṣe ìfilọ́lẹ̀ fíìmù ìlanilọ́yẹ̀ ní Òṣogbo, gbogbo wa la ti mọ bí yóò ṣe rí. Gbọ̀ngàn òtẹ́ẹ̀lì kan ni wọn yóò gbà, kò sì ní jìnnà sí Ògo-Olúwa tàbí Òkè-Fìà. Wọn yóò ta báńà sẹ́nu ọ̀nà. Aṣojú kọmíṣọ́nnà yóò dé lẹ́yìn wákàtí méjì, yóò ka ọ̀rọ̀ tí ẹlòmíràn bá a kọ. Wọn yóò fi fíìmù hàn, àtẹ́wọ́ yóò sọ, ìrẹsì yóò kárí, wọn yóò ya fọ́tò. Tó bá di ọjọ́ kejì, fíìmù ti bọ́ sórí YouTube, àwọn tó bá wọn ṣe é àti ẹbí wọn ni yóò sì máa wò ó. Ìyá tó ń ta ẹ̀lùbọ́ l'Ọ́jà Ọba, tó jẹ́ pé orúkọ òun àti ọmọ-ọmọ rẹ̀ ni wọ́n fi gba owó, kò tilẹ̀ gbọ́ pé wọ́n ṣe nǹkan kan.

A ò sọ pé àwọn fíìmù náà ò dára. Òmíràn wà níbẹ̀ tó ń pa ni lẹ́kún. Àmọ́ àwọn tó ń fúnni lówó, ìbáà jẹ́ ìjọba tàbí àwọn àjọ tí kì í ṣe ti ìjọba, ṣíṣe fíìmù nìkan ni wọ́n kà sí iṣẹ́. Ẹ wo ìwé ìnáwó tí wọ́n máa ń kọ: owó kámẹ́rà wà, owó òṣèré wà, owó mọ́tò àti oúnjẹ wà. Tí ẹ bá wá débi owó tí fíìmù yóò fi dé ọ̀dọ̀ àwọn tí wọ́n ṣe é fún, ẹ ó bá ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, "ìkéde", pẹ̀lú owó táṣẹ́rẹ́ kan tí kò lè ra epo jẹnẹrétọ̀ ọ̀sẹ̀ kan.

Èrò ìwé ìròyìn yìí nìyí: ẹnikẹ́ni tó bá gba owó ìlú tàbí owó ìrànwọ́ láti ṣe fíìmù lórí ọ̀rọ̀ tó kan ará ìlú, kó ya ìdajì owó náà sọ́tọ̀ fún gbígbé e kiri. Ìdajì gan-an la wí. A mọ̀ pé àwọn adarí fíìmù yóò pariwo pé kí ni yóò wá kù fún kámẹ́rà. Kí wọ́n dín kámẹ́rà kù. Ìyá ẹlẹ́lùbọ́ kò ní bi wọ́n léèrè irú lẹ́ǹsì tí wọ́n lò.

Òṣogbo ló yẹ kó kọ́kọ́ mọ èyí ṣáájú ìlú mìíràn. Ní 1962, nígbà tí Dúró Ládípọ̀ àti Ulli Beier sọ Popular Bar, ilé ọtí Ládípọ̀ fúnra rẹ̀, di Mbari Mbayo, ilé eré àti iṣẹ́ ọnà, àárín ìgboro ni wọ́n fi sí, níbi tí ẹni tó ń tọjà bọ̀ ti lè yà wo ohun tó ń lọ. Ọdún kejì rẹ̀ ni wọ́n ṣe Ọba Kò So níbẹ̀. Ìgbà tí eré náà fi dé Berlin ní 1964, àwọn ará Òṣogbo ti wò ó. Oyin Adéjọbí náà, ìlú yìí ló fi ṣe ibùdó, tó ń kó àwọn òṣèré rẹ̀ láti ìlú dé ìlú. Nígbà tí àwọn ọ̀gá tíátà wá kọjú sí fíìmù láàárín ọdún 1970 sí 1980, bí wọ́n ṣe ń gbé eré orí ìtàgé kiri náà ni wọ́n ṣe gbé fíìmù kiri. Hubert Ògúndé gbé Aiyé jáde ní 1979, ó sì jẹ́ pé inú ọkọ̀ ni ẹ̀rọ àti fíìmù ń wà, wọ́n á gba gbọ̀ngàn ìlú tàbí ti ilé-ìwé, wọ́n á ta aṣọ funfun, èrò á ya lù wọ́n. Kò sẹ́ni tó retí pé kí ará ìlú wá fíìmù lọ.

Kásẹ́ẹ̀tì ló ba ọ̀nà yẹn jẹ́. Bàbá Sàlá, Moses Ọláìyá ọmọ Ilẹ̀ṣà, ṣe Ọ̀run Móoru ní 1982. Àwọn olè ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sórí kásẹ́ẹ̀tì, wọ́n ń tà á kí olówó tó rí owó rẹ̀, ló bá di gbèsè sí i lọ́rùn. Lẹ́yìn ìyẹn, ọwọ́ àwọn máńkẹ́tà Ìdúmọ̀tà àti Alábà ni pínpín fíìmù bọ́ sí. Máńkẹ́tà ò sì ṣe nǹkan burúkú, ohun tó bá tà ló ń gbé. Fíìmù tó ń kìlọ̀ fún ènìyàn kì í fi bẹ́ẹ̀ tà.

Ọmọ ilẹ̀ Sẹ̀nẹ̀gà nì, Ousmane Sembène, ìwé ni òun náà kọ́kọ́ ń kọ. Ìgbà tó rí i pé àwọn tí òun ń torí wọn kọ̀wé kò lè kà á ló lọ kọ́ṣẹ́ fíìmù ní Moscow, ó padà wálé, ó sì ń gbé fíìmù rẹ̀ wọ abúlé lọ, yóò fi hàn, yóò jókòó bá wọn jiyàn lé e lórí. Èyí tó ṣe gbẹ̀yìn, Moolaadé, tó jáde ní 2004, orí abẹ́ dídá fún ọmọbìnrin ló dá lé. Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yẹn, torí ọ̀rọ̀ ilé wa ni.

Nínú ìwádìí ìlera tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà ní 2013, ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ló gba ipò kìíní nínú abẹ́ dídá fún obìnrin. Ó lé ní 70 nínú obìnrin 100 tí wọ́n ti dá abẹ́ fún. Iye náà wálẹ̀ nínú ìwádìí 2018, ṣùgbọ́n a ò kúrò lára àwọn tó wà lókè. Òfin ìjọba àpapọ̀ tó dojú kọ ìwà ipá sì ti fòfin de àṣà náà láti 2015. Òfin wà, fíìmù wà, pósítà wà lára ògiri ọsibítù, wọ́n ṣì ń dá a.

Ta ló ń dá a, ìgbà wo sì ni? Lọ́dọ̀ wa, ọmọ jòjòló ni wọ́n sábà máa ń dá abẹ́ fún, láàárín ọjọ́ díẹ̀ tí wọ́n bí i. Ìyá ọmọ gan-an kì í fi bẹ́ẹ̀ lẹ́nu nínú ọ̀rọ̀ náà, ìyá ọkọ ló ń pàṣẹ. Ohun tí màmá náà gbà gbọ́ ni pé bí orí ọmọ bá kan ibẹ̀ lọ́jọ́ ìkúnlẹ̀, ọmọ yóò kú, tàbí pé bí a kò bá dá a, ọmọ yóò di oníṣekúṣe. Ìfẹ́ ló fi ń ṣe é. Àwọn nọ́ọ̀sì kan tilẹ̀ wà tó ń bá wọn ṣe é ní kọ̀rọ̀. Fíìmù tí yóò yí èyí padà gbọ́dọ̀ débi tí ìyá ọkọ wà. Akẹ́kọ̀ọ́ UNIOSUN tó wò ó lórí fóònù rẹ̀, tó tẹ ọkàn pupa sí i, kọ́ ló máa gbé ọmọ dání lọ́jọ́ kẹjọ.

Ibi tó yẹ kí wọ́n ti fi irú fíìmù yìí hàn wà nílẹ̀, kò la kíkọ́ gbọ̀ngàn tuntun lọ. Gbogbo ilé ìlera wọ́ọ̀dù ló ní ọjọ́ ìpàdé aboyún. Àwọn aboyún á ti dé láàárọ̀ kùtù, wọ́n á jókòó sórí bẹ́ǹṣì fún wákàtí púpọ̀ kó tó kan wọ́n. Ibẹ̀ ni kí ẹ gbé tẹlifíṣọ̀n sí, kí ẹ sì sọ fún aboyún kọ̀ọ̀kan pé kó mú ìyá ọkọ rẹ̀ dání lọ́jọ́ náà. Ọjọ́ abẹ́rẹ́ ọmọ ni àwọn àjọ kan fẹ́ràn láti lò nítorí èrò máa ń pọ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọ bá fi pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Ti àwọn ọkùnrin rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ rìn ká Òkè-Baálẹ̀ tàbí Ayétòrò lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ẹ ó rí ilé ìwòran bọ́ọ̀lù: bẹ́ǹṣì pákó bíi ti ṣọ́ọ̀ṣì, páànù tí wọ́n fi bo orí, tapólì tí wọ́n fi dí ojú oòrùn, pátákó dúdú lẹ́nu ọ̀nà tí wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì kọ orúkọ àwọn tó fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù sí, jẹnẹrétọ̀ lẹ́yìnkùlé. Ewúrẹ́ ló máa ń sùn síbẹ̀ lọ́jọ́ tí bọ́ọ̀lù ò bá sí. Ẹni tó ni ín ń wá owó tí yóò fi ra epo. Kí wọ́n háyà rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ nírọ̀lẹ́ kan lọ́sẹ̀, kí wọ́n fi fíìmù hàn kí bọ́ọ̀lù tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọkùnrin tí wọn ò ní gba ìwé ìpè sí òtẹ́ẹ̀lì láéláé á ti jókòó síbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó pè wọ́n.

Ọ̀nà kejì ni àwọn ọmọkùnrin tó ń kó fíìmù sórí mẹ́mórì fún ènìyàn ní ìkóríta Ọláìyá. Agbòjò ńlá, kọ̀ǹpútà àgbéká, okùn fóònù oríṣiríṣi. Oníbàárà á gbé fóònù rẹ̀ lé e lọ́wọ́, kò ní béèrè àkọlé fíìmù, orúkọ òṣèré ni yóò dá: "Ti lágbájá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde dà?" Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, fíìmù mẹ́wàá ti wọlé, láì na dátà kankan. Lójú òfin, olè ni iṣẹ́ yìí fún ẹni tó fi fíìmù wá oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀, òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọpọlọ ti 2022 sì sọ bẹ́ẹ̀ kedere. A kò ní gbèjà wọn lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n fíìmù tí àjọ kan ti sanwó rẹ̀ tán, tí òṣèré ti gba tirẹ̀, tí adarí ti gba tirẹ̀, kí ló dé tí wọ́n fi ń tì í mọ́ àpótí? Kí wọ́n kọ àṣẹ sí i lára pé ọ̀fẹ́ ni, kí wọ́n gbé e fún àwọn ọmọ wọ̀nyí, kí wọ́n máa fi ṣe èènì fún gbogbo ẹni tó bá wá gba fíìmù. Ìkéde wo ló tún ju ìyẹn lọ?

Fífi fíìmù hàn nìkan náà kò tó. Láti 2001 ni ẹgbẹ́ kan ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbé fíìmù wọ abúlé ní orílẹ̀-èdè Benin, létí ilé wa níbí, kó tó tàn dé Niger àti Mali. Lẹ́yìn fíìmù, wọ́n á jókòó, ìjíròrò á bẹ̀rẹ̀. Nínú ìjíròrò yẹn ni iṣẹ́ wà. Ẹni tó bá sì máa darí rẹ̀ ní Òṣogbo, kó jẹ́ ẹni tí àdúgbò mọ̀: agbẹ̀bí tó gba ọmọ wọn, ìyálọ́jà, àlùfáà tó lẹ́nu ọ̀rọ̀. Kí olóòlà náà wà níbẹ̀, kí wọ́n jẹ́ kó sọ tẹnu rẹ̀, kí wọ́n má fi í ṣe ẹlẹ́yà. Bí wọ́n bá dójú tì í ní gbangba, yóò lọ sílé lọ máa ṣe é lóru.

Àwọn kan yóò ní fífi fíìmù han àwọn aláṣẹ nínú gbọ̀ngàn náà wúlò. Ó wúlò. Ní Pakistan, fíìmù tí Sharmeen Obaid-Chinoy ṣe lórí pípa ọmọbìnrin nítorí ohun tí wọ́n ń pè ní iyì ìdílé dé ọ́fíìsì olórí ìjọba ibẹ̀ ní 2016, ilé aṣòfin sì mú òfin le sí i lọ́dún yẹn kan náà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí à ń sọ lónìí ti kọjá òfin. Òfin tiwa ti wà tipẹ́.

Ohun tó ń bà wá lẹ́rù jù ni kí àwọn olóṣèlú gba ọkọ̀ tí yóò máa gbé fíìmù kiri mọ́ àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ náà lọ́wọ́. Kò sóhun tó mọ́ tónítóní lára fíìmù tí à ń gbé kiri. Ìjọba amúnisìn ṣe é rí. Colonial Film Unit tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1939 ń fi mọ́tò gbé fíìmù wọ àwọn ìlú, láti sọ ohun tí òyìnbó fẹ́ kí dúdú gbọ́. Nítorí náà, kò gbọdọ̀ sí àwòrán gómìnà tàbí alága kankan lára ọkọ̀ fíìmù, kò gbọdọ̀ sí àwọ̀ ẹgbẹ́, a ò sì fẹ́ kí wọ́n pín ìrẹsì. Kí fíìmù gba ìwé ẹ̀rí àjọ tó ń yẹ fíìmù wò, gẹ́gẹ́ bí òfin 1993 ṣe ní kí wọ́n ṣe, kó tó jáde sí gbangba.

Bí ó ti rí fún abẹ́ dídá ló rí fún odò Ọ̀ṣun. Gbogbo wa la mọ̀ pé omi náà ti dọ̀tí látàrí àwọn tó ń wa góòlù lápá Ìjẹ̀ṣà. Ní 2022, ìjọba fúnra rẹ̀ kìlọ̀ pé kí àwọn olùfọkànsìn má mu ún. Ẹni tó bá ṣe fíìmù lórí ìyẹn, kó gbé e dé ibi tí wọ́n ti ń wa góòlù gan-an, kó sì gbé e wá sí Òṣogbo lóṣù Kẹjọ nígbà ọdún, nígbà tí èrò bá ti kún ìgboro.

Kí àwọn aláṣẹ ìjọba ìpínlẹ̀ tó wà l'Ábẹ́rẹ̀ má buwọ́ lu owó fíìmù kankan mọ́ láìjẹ́ pé wọ́n rí ìwé tó sọ àdúgbò tí yóò dé, ọjọ́ tí yóò dé ibẹ̀, ẹni tí yóò bá èrò sọ̀rọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, àti ẹni tí yóò padà lọ lẹ́yìn oṣù mẹ́ta láti béèrè ohun tó yí padà. Ìjọba ìbílẹ̀ Òṣogbo àti Ọlọ́rundá kò tilẹ̀ nílò láti dúró de Abẹ́rẹ̀. Ọwọ́ wọn ni àwọn ilé ìlera wọ́ọ̀dù wà, àwọn fíìmù tí wọ́n ti ṣe sílẹ̀ sì wà nínú àpótí ọ́fíìsì káàkiri ìlú yìí. Ìpàdé aboyún mìíràn yóò wáyé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.