Ṣé eku tó ń sáré ló ń tètè kú?

Lánàá ni mo tún gbọ́ ọ ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀. Bàbá kan wo bàtà tí mo fi ń sáré, wọ́n ní: "Ọmọ mi, rọra o. Iye ìgbà tí ọkàn èèyàn máa lù ní kíkà. Ìjàpá kì í sáré, wo bó ṣe ń pẹ́ láyé." Gbogbo ṣọ́ọ̀bù ní òótọ́ ni. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi.

Kò kúkú ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ní 1928 ni Raymond Pearl, onímọ̀ nípa ẹ̀dá alààyè ní Amẹ́ríkà, ti kọ ọ́ sínú ìwé pé bí ẹ̀dá bá ṣe ń yára ná agbára rẹ̀ ni ayé rẹ̀ ń kúrú sí. Àmọ́ olùwádìí kan, John Holloszy, fi eku dán an wò ní Yunifásítì Washington, ìlú St. Louis. Wọ́n gbé kẹ̀kẹ́ tó ń yí sínú àgò àwọn kan, wọn ò gbé e fún àwọn yòókù. Kò sẹ́ni tó fi pàṣán lé wọn, èyí tó bá wù ló ń sáré. Èsì 1993, tó dá lórí abo eku, ni mo fẹ́ràn jù: àwọn asáré jẹun ju àwọn ajókòó lọ, agbára tí wọ́n ná pọ̀ jù, síbẹ̀ àwọn ni ọjọ́ orí wọn gùn jù ní ìpíndọ́gba. Bó bá ṣe bí Bàbá ṣe wí ni, àwọn ni ì bá kọ́kọ́ kú.

Èmi náà ti tọ́jú eku rí nígbà tí mo wà nílé ẹ̀kọ́. Bí mo bá ti pa iná lálẹ́, kí n tó ti ilẹ̀kùn tán, kẹ̀kẹ́ ti ń dún kírí-kírí. Ọjọ́ kan, ìdí kẹ̀kẹ́ kan dípẹtà, kò yí mọ́. Eku yẹn ń fi eyín gé irin rẹ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́. Àwọn tí ò ní kẹ̀kẹ́ ńkọ́? Wọ́n sanra débi pé ọwọ́ kan ò gbé wọn dáadáa mọ́.

Ó dáa, eṣinṣin tí wọ́n há mọ́ inú ìgò tí kò ti lè fò pẹ́ ju èyí tó ń fò lọ. Mo gbà. Eré sísá náà ò sì sún òpin ọjọ́ orí eku síwájú, ìyẹn iye ọjọ́ tí èyí tó pẹ́ jù lọ nínú wọn ń lò; oúnjẹ tí wọ́n dín kù fún àwọn mìíràn ló ṣe ìyẹn.

Ti ìjàpá? Ẹ lọ wo òòbẹ̀ kan tí wọ́n mú ní Siberia, ilẹ̀ Rọ́ṣíà: ó ti lé lógójì ọdún, kò sì wúwo tó eku kékeré, bẹ́ẹ̀ fífò ló ń fò kiri lóru. Mo sọ ọ́ fún Bàbá. Wọ́n ní ẹyẹ àjẹ́ nìyẹn, wọ́n bá gun ọ̀kadà lọ sílé, ilé tí ò ju òpó iná mẹ́rin lọ.