Joe Hill kì í ṣe orúkọ ìbòjú Stephen King

Ọ̀rọ̀ kan ń kiri lórí WhatsApp àwa olùkàwé nílùú Òṣogbo, pé Stephen King, òǹkọ̀wé ìtàn adẹ́rùbani ará Amẹ́ríkà, fúnra rẹ̀ ló kọ ìwé Heart-Shaped Box, tó wá fi orúkọ Joe Hill bojú. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Mo mọ ibi tí àṣìṣe náà ti wọlé. King ti fi orúkọ Richard Bachman bojú rí lóòótọ́, títí àṣírí fi tú ní 1985. Ṣùgbọ́n King ló hùmọ̀ Bachman, kò sí irú òǹkọ̀wé bẹ́ẹ̀ láyé. Joe Hill wà. Ọmọ bíbí King ni, Joseph Hillström King, tí wọ́n bí ní 1972. Ó gé orúkọ ara rẹ̀ kúrú kí wọ́n má baà tìtorí bàbá rẹ̀ gba iṣẹ́ rẹ̀.

Ìwé ìtàn àròsọ gígùn rẹ̀ àkọ́kọ́ ni Heart-Shaped Box yìí, tó jáde ní 2007. Àkójọ ìtàn kéékèèké rẹ̀ ti jáde ní 2005.

Ẹ wá ìtàn In the Tall Grass ti 2012 wò: orúkọ bàbá àti ọmọ ló jọ wà lára rẹ̀.

Bí Heart-Shaped Box ò bá dẹ́rù bà yín, ẹ sọ bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tó máa bá yín jà. Ní tèmi, ibi tí kóòtù òkú ti dé nínú páálí ni mo kà dé tí wọ́n mú iná lọ. Mo pa ìwé dé.