Ọ̀pá irin mítà kan: kí ló dé tí sọ́fítíwíà fi fún mi ní ìlọ́po mẹ́rin?

Dáre_B: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀pá irin róbótó tó nípọn mìlímítà 20, gígùn ẹ̀ mítà 1, mo gbé e sínú sọ́fítíwíà finite element (FEM, tó ń pín nǹkan sí wẹ́wẹ́ kó tó ṣírò ẹ̀) kí n lè mọ ẹrù tó máa jẹ́ kó buckle, ìyẹn kó tẹ̀ lójijì, ó ní 62 kN (kilonewton). Mo wá fọwọ́ ṣe ti Euler, ìṣirò ẹrù tó ń mú ọ̀pá tẹ̀, mo rí 15.5. Èwo ni kí n gbà?

Wẹ́dà Àgbà: 62 lórí ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn? Ẹ má jẹ́ kí ilé wó pa èèyàn o. Àwa tá à ń jó irin, ojú la fi ń mọ̀ ọ́n.

Tósìn FEM: Ìlọ́po mẹ́rin gééré ni, bọ̀dá Dáre. Ẹ ti de orí àti ìdí ọ̀pá yẹn mọ́lẹ̀ gbagidi nínú sọ́fítíwíà, ti Euler tẹ́ ẹ lò sì jẹ́ ti ọ̀pá tí orí àti ìdí ẹ̀ lè yí.

Ọmọ Mushin: bàbá wẹ́dà ojú yín ń ka kilonewton? 😂😂

Wẹ́dà Àgbà: Ìwọ ọmọ yìí, irin ti ń tẹ̀ lójú mi kí wọ́n tó bí ẹ.

Ìyá Ìbejì: Linear eigenvalue, irú ìṣirò buckle tí sọ́fítíwíà yẹn ṣe, gbà pé irin gún régé, irin wo ló gún régé? Ẹ fi ìwọ́ díẹ̀ sí i kẹ́ ẹ ṣe nonlinear, ìṣirò tó ń tẹ̀lé irin bó ṣe ń tẹ̀ sí i, 62 yẹn á wálẹ̀. Afárá Quebec ní Kánádà tó wó ní 1907, irin ìsàlẹ̀ ló tẹ̀, èèyàn 75 kú.

Tósìn FEM: Mà, ti Quebec yàtọ̀. Wọ́n fa afárá yẹn gùn sí i, wọn ò tún ìwúwo ẹ̀ ṣírò.

Ìyá Ìbejì: Ìwúwo nìkan kọ́! Àwọn irin pẹlẹbẹ tí wọ́n fi so abala ẹ̀ pọ̀ ò lágbára tó. Wọ́n tiẹ̀ ti rí i pé ó ń wọ́ kó tó wó, iyàn ni wọ́n ń jà.

Tósìn FEM: ÌWÚWO NI mà. ÌWÚWO.

Ọmọ Mushin: èló ni irin 20 báyìí, mo fẹ́ fi ṣe dẹ́kìn

Dáre_B: Ẹ jọ̀ọ́, pin ni wọ́n fi mú orí àti ìdí tèmi o, ó lè yí, wọn ò jó o mọ́lẹ̀.

Wẹ́dà Àgbà: Wọn ò jó o, ó wá ń pè é ní 62! Mo sọ bẹ́ẹ̀.

Tósìn FEM: Ìyá Ìbejì, ẹ lọ ka ìròyìn 1908 ti ìgbìmọ̀ tó wádìí bí afárá Quebec ṣe wó.

Ìyá Ìbejì: Mo ti kà á! Inú ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ irin ìsopọ̀ yẹn wà.